Ìrìn Tó Ń Bí Èrò: Bí A Ṣe Lè Fi Eré Ìmárale Gbé Iṣẹ́ Àtinúdá Ró

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1843, láràárọ̀ tí William Rowan Hamilton, onímọ̀ ìṣirò ará Ireland, bá sọ̀kalẹ̀ wá jẹun, ìbéèrè kan náà làwọn ọmọ rẹ̀ fi ń pàdé rẹ̀: ṣé bàbá àwọn ti rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà sọ nọ́ńbà mẹ́tamẹ́ta yẹn di púpọ̀? Bàbá á mi orí, á ní rárá o, òun kàn lè rò wọ́n pọ̀, kí òun sì yọ wọ́n kúrò lára ara wọn ni. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Dublin, létí odò kan tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́. Bí wọ́n ṣe dé ìdí afárá Brougham báyìí, ìdáhùn yọ sí i lójijì. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gbẹ́ ìlà ìṣirò náà sára òkúta afárá.

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, afárá ló máa ń wọ àwọn èèyàn lójú. Tábìlì oúnjẹ ló wọ̀ mí lójú ní tèmi. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọkùnrin yìí ti ń bá ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀yá ìjà, débi pé àwọn ọmọ ilé mọ̀ ọ́n lórí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbé e dé ibi tí ìdáhùn wà. Ẹni tí kò ru ẹrù kankan kúrò nílé, òfìfo náà ni yóò rù dé ibi tó ń lọ.

Nítorí náà, ìtọ́sọ́nà yìí kò ní sọ fún yín pé ẹ ṣáà máa rìn, orin á máa jáde fúnra rẹ̀. Ó wà fún òǹkọ̀wé, olórin, ayàwòrán, agbẹ́gilére, ẹni tó ń ya bátànì aṣọ, ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àtẹnikẹ́ni tó jẹ́ pé nǹkan tí kò sí tẹ́lẹ̀ ló ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ohun tó fẹ́ fi hàn yín ni bí ẹ ṣe máa so eré ìmárale mọ́ iṣẹ́ yín, kí ọ̀kan lè máa ti èkejì lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ìrìn lè ṣe, ẹ sì mọ èyí tí apá rẹ̀ ò ká

Lọ́dún 2014, olùwádìí méjì láti Yunifásítì Stanford, Marily Oppezzo àti Daniel Schwartz, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi èèyàn 176 ṣe. Wọ́n á dárúkọ nǹkan tí gbogbo ayé mọ̀, bíi bọ́tìnì, wọ́n á ní kí èèyàn sọ oríṣiríṣi nǹkan mìíràn tí a lè lò ó fún. Nígbà tí àwọn èèyàn yìí ń rìn, èrò tuntun tó ń ti ẹnu wọn jáde fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 pọ̀ ju ti ìgbà tí wọ́n jókòó lọ. Àwọn kan nínú wọn ò tiẹ̀ jáde síta o. Orí ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ lójú kan ni wọ́n wà, wọ́n kọjú sí ògiri gbalasa, síbẹ̀ èrò ń ya wá. Ẹni tí kò bá ní ọgbà tó tutù minimini ládùúgbò, kó má fìyẹn ṣàwáwí: láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìparí rẹ̀, lálọ lábọ̀, ìrìn náà ni. Nígbà tí wọ́n sì padà jókòó, ìrìn yẹn ò tíì tán lára wọn. Èrò ṣì ń wá díẹ̀díẹ̀.

Apá kejì ìwádìí yẹn ni àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Nígbà tí wọ́n béèrè ìbéèrè tó jẹ́ pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní, ìrìn ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Kódà, ó fa wọ́n sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Ìrìn máa ń ṣílẹ̀kùn fún èrò rẹpẹtẹ, àmọ́ kì í báni yan èyí tó yẹ kó wọlé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń wá orúkọ ìwé, ìbẹ̀rẹ̀ orin, tàbí ohun tí ẹni inú ìtàn yín máa ṣe lẹ́yìn tí ilé jóná, ẹ dìde. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gé ojú ewé 40 kù sí 30, ẹ jókòó ti iṣẹ́ yín.

Ohun kan tún wà tí kì í yára hàn. Ní 2011, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà 120. Wọ́n ní kí ìdajì wọn máa rìn fún ìṣẹ́jú 40, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọdún kan gbáko. Ìdajì yòókù kàn ń na ara ni. Apá inú ọpọlọ tó ń bójú tó ìrántí fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 lára àwọn tó rìn, ó sì sún kì lára àwọn tó kàn ń nara. Ìrántí kọ́ ni àtinúdá lóòótọ́, àmọ́ kí la fẹ́ fi dá nǹkan bí kì í bá ṣe ohun tí a ti rí, tí a ti gbọ́, tí a sì rántí?

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kéré débi pé àwáwí ò ní rí àyè

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fọwọ́ sí fún àgbàlagbà ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ tó bá jẹ́ eré ìmárale tó mọ níwọ̀n, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 tó bá jẹ́ èyí tó le. Wọ́n tún fi kún un pé ó kéré tán, kéèyàn fi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó mọ níwọ̀n rèé: ẹ lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tàkúrọ̀sọ, àmọ́ ẹ ò lè kọrin. Bó bá ti dé ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún, ó ti di èyí tó le.

Kí 150 yẹn má ṣe dẹ́rù bà yín. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti rìn fún ìgbádùn gbẹ̀yìn, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn kéèyàn ra bàtà olówó gọbọi àti aṣọ eré ìdárayá mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra nǹkan lọ́nà bẹ́ẹ̀, ìrajà yẹn gan-an ni eré ìmárale wọn. Bàtà tí kò há ẹsẹ̀, tí kì í sì í yọ̀, ti tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tíì kápá, tó lóyún, tàbí tí àyà máa ń dùn tàbí tí òòyì ń kọ́ tó bá ṣe wàhálà díẹ̀, kó kọ́kọ́ rí dókítà kó tó ṣe ohunkóhun tó ju ìrìn jẹ́jẹ́ lọ.

Ọjọ́ mélòó ni yóò tó mọ́ọ̀yàn lára? Ní University College London, wọ́n tẹ̀ lé àwọn èèyàn tó fẹ́ sọ nǹkan kan dàṣà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Tí a bá pín in dọ́gba, ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 66 kí nǹkan ọ̀hún tó di ohun tí wọ́n ń ṣe láìronú sí i. Àmọ́ àlàfo tó wà láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì pọ̀ gan-an, láti ọjọ́ 18 títí dé 254. Wọ́n tún rí i pé kéèyàn pa ọjọ́ kan jẹ kò ba nǹkan jẹ́. Nítorí náà, tí ẹ bá pa ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀sẹ̀ yẹn ti bàjẹ́. Ẹ dìde lọ́jọ́rú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá wákàtí tó bá iṣẹ́ yín mu

Níbí yìí, ìmọ̀ràn àwọn èèyàn pọ̀ bí omi òjò, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì ń sọ pé àárọ̀ kùtù ni kéèyàn ti máa sáré. Ẹ wo bí àwọn tí iṣẹ́ wọn ti hàn sáyé ṣe ṣe é ná. Haruki Murakami, òǹkọ̀wé ará Japan tó bẹ̀rẹ̀ eré sísá ní 1982, ṣàlàyé pé tí òun bá ń kọ ìtàn gígùn, aago mẹ́rin ìdájí lòun ń jí, òun á kọ̀wé fún wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, ìgbà tó bá di ọ̀sán lòun tó ń sáré kìlómítà 10 tàbí kí òun lúwẹ̀ẹ́ 1,500 mítà. Tchaikovsky, olórin Rọ́ṣíà, máa ń jáde rìn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bójú ọjọ́ dára bó burú. Ẹ rí i pé àwọn méjèèjì fi orí tó jí pépé ṣe iṣẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹsẹ̀ tó kàn.

Ìlànà tí mo fi ń ṣe tèmi kò jù báyìí lọ: wákàtí tí orí yín mú jù lọ, iṣẹ́ yín ló ni ín. Ẹ má ṣe gbé e fún eré ìmárale. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ara yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ ń ṣàn, ìgbà wo ni ẹ ń ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Etí ìgbà tó ń ṣàn yẹn ni kí eré ìmárale wà, yálà ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn wo ló yẹ kó gbé e síwájú? Àwọn tí ìbẹ̀rẹ̀ máa ń nira fún, tí wọ́n á jókòó, tí wọ́n á dìde lọ gbálẹ̀, tí wọ́n á padà wá jókòó, tí wọ́n á mú fóònù. Kí irú wọn fi ìṣẹ́jú 15 rìn kíákíá, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn kí wọ́n tó jókòó sídìí iṣẹ́. Ẹni tí ìbẹ̀rẹ̀ rọrùn fún, àmọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán lágbedeméjì, kó fi sí àárín. Ní ti alẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn lè rìn jẹ́jẹ́ kí wọ́n sì sùn dáadáa; eré tó ń múni mí hẹlẹ nígbà tí oorun ku wákàtí kan lè má jẹ́ kí àwọn kan tètè sùn, oorun tí a pàdánù kì í sì í dárí ji orí lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbé ìbéèrè kan dání kúrò nílé

Kí ẹ tó wọ bàtà, ẹ kọ ohun tó dí yín lọ́wọ́ sórí ìwé, kó má ju gbólóhùn kan lọ, kó sì jẹ́ ìbéèrè. "Ìwé mi ò lọ" kì í ṣe ìbéèrè. "Kí ló dé tí ọmọbìnrin yìí kò fi lè sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀?" Ìbéèrè nìyẹn. "Ohùn wo ló yẹ kó wọlé lẹ́yìn tí ìlù bá dákẹ́?" Ìbéèrè nìyẹn náà. Ẹyọ kan péré ni kẹ́ ẹ mú o. Ẹni tó gbé mẹ́ta dání, àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò máa ṣe gbéregbère títí táá fi dé ilé.

Ẹ ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi ìwé sílẹ̀, kẹ́ ẹ jáde. Ẹ má ṣe fi tipátipá ronú. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ohun tó sábà máa ń jáde ni ẹ̀sùn: owó tí wọn ò tíì san, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ lánàá, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kó jáde, ó ń kọjá lọ ni. Ìdí tí mo fi ní kí ìrìn èrò tó ìṣẹ́jú 25 sí 30 nìyí, torí ẹni tó bá padà sílé ní ìṣẹ́jú 10, ìdọ̀tí tó wà lójú omi nìkan ló bu wálé.

Ẹ gbọ́, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí ẹ kì bọ etí ńkọ́? Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sáré lásán, ẹ gbọ́ orin tó bá wù yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ìbéèrè dání, ẹ yọ ọ́. Ohùn ẹlòmíràn tó ń sọ̀rọ̀ nínú etí yín ti gba àga tí èrò yín ì bá jókòó lé.

Ẹ tún yan ojú ọ̀nà tí ẹ ti mọ̀ dunjú, tí ọkọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, kí ojú má bàa máa ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ọkàn máa ṣe. Charles Darwin ní ọ̀nà kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Kent, tó ń rìn yípo lójoojúmọ́. Ó máa ń kó òkúta jọ síbì kan. Bó bá ti yípo lẹ́ẹ̀kan, á gbá òkúta kan kúrò lórí wọn. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn púpọ̀. Òkúta ló ń bá a ka iye ìgbà tó ti yí, orí rẹ̀ sì ráyè ṣe nǹkan mìíràn.

Ó wá kù bí a ṣe máa mú èrò nígbà tó bá yọjú, torí èrò tó yọ lójú ọ̀nà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Beethoven máa ń mú ìwé orin àti lẹ́ẹ̀dì dání tó bá ń rìn káàkiri ẹ̀yìn ìlú Vienna. Ìwé pélébé inú àpò àti bírò ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Fóònù náà dáa, tí ẹ bá lè tan ibi ìgbohùnsílẹ̀ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá a padà sápò láìwo ẹni tó kọ̀wé sí yín. (Èmi ò lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo bírò.) Tó bá jẹ́ eré lẹ ń sá, tí ọwọ́ kò ráyè, ẹ sọ èrò náà di ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa tún un sọ bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń kanlẹ̀: ìyá, lẹ́tà, iná, ìyá, lẹ́tà, iná. Ẹ má tíì wẹ̀ tí ẹ bá délé. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó dáa àti èyí tó jẹ́ ìsọkúsọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá rìn jìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àmọ́ tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, irọ́ ni wọ́n máa ní ó ń pa.

Ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú orí tútù, lẹ tó máa yan. Ẹ rántí pé ìrìn kò mọ yíyàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi irú eré ìmárale bá ibi tí iṣẹ́ dé mu

Ìrìn wà fún ìgbà tí ẹ ń wá nǹkan. Àmọ́ ọjọ́ mìíràn wà tí nǹkan tí ẹ ń wá kò sọnù, ọkàn yín ló kún. Wọ́n dá iṣẹ́ yín padà, tàbí ẹ ti wo àwòrán kan títí tí ẹ ò mọ̀ bóyá ó dáa mọ́. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ìrìn jẹ́jẹ́ lè jẹ́ kí ẹ máa jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹ ṣe èyí tó le: kẹ́ ẹ fo okùn, kẹ́ ẹ sáré gun òkè, kẹ́ ẹ gun kẹ̀kẹ́ kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó ń wá èémí kò ráyè bá alátakò jiyàn nínú ọkàn rẹ̀.

Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá látàárọ̀ dalẹ́ nílò èyí tó ní èèyàn nínú: bọ́ọ̀lù, ijó, ẹgbẹ́ eré sísá. Akéwì àti olórin lè máa ka iṣẹ́ wọn sókè bí wọ́n ṣe ń rìn, torí ibi tí ẹsẹ̀ bá ti ṣì, níbẹ̀ ni ìlà sábà máa ń gùn jù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tún ohun tí iṣẹ́ yín ń bà jẹ́ ṣe

Iṣẹ́ àtinúdá kò dà bí iṣẹ́ agbára lójú, ṣùgbọ́n ẹ bi ọrùn òǹkọ̀wé, ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń ta gìtá, ẹ̀yìn ayàwòrán tó ń tẹ̀ ba lórí tábìlì. Ní gbogbo nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ẹ dìde fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ yí èjìká sẹ́yìn, ẹ wo ibi tó jìnnà kí ojú lè sinmi.

Ní ọjọ́ méjì tí a fi ń fún iṣan lágbára, ìṣẹ́jú 20 tó. Ẹ lóṣòó kẹ́ ẹ dìde nígbà mẹ́wàá. Ẹ dúró síwájú ògiri, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ lé e, kẹ́ ẹ fi àyà sún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ ti ara yín padà, ìgbà mẹ́wàá. Ẹ da ojú bolẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìgúnpá àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé gbogbo ara sókè, kí ẹ̀yìn nà tọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ wá fa egungun èjìká méjèèjì sún mọ́ra wọn lẹ́yìn, kẹ́ ẹ dì í mú, kẹ́ ẹ tú u. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí àwọn tó ń tẹ̀ síwájú tábìlì má ṣe fò rárá. Ẹ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bí ọwọ́ bá ń kú, bí ìka bá ń ṣe jìnnìjìnnì, bí ìrora ò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ oníṣègùn nìyẹn.

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe lè rí

Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì: ìrìn ìṣẹ́jú 30 pẹ̀lú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀: ti iṣan. Àbámẹ́ta: wákàtí kan, ẹ̀yin àti àwọn ẹlòmíràn, láìsí ìbéèrè kankan. Ẹ sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, 150 ti pé.

Ẹ fi ìlà kan ṣoṣo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójúmọ́: irú eré tí ẹ ṣe, aago mélòó, àti bí iṣẹ́ ṣe lọ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ lè rí i pé ìrìn ọ̀sán ló ń mú nǹkan jáde, pé ti àárọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ yí i padà. Ẹ sì ṣọ́ ohun kan tó máa ń yọ́ wọlé: kí iye kìlómítà máa pọ̀ sí i, kí ojú ewé máa dín kù. Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sáré márátọ́ọ̀nù ní 1947 láàárín wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 46, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró, àmọ́ Turing ni ìyẹn. Fún àwa yòókù, eré sísá lè di ibi ìsápamọ́ tí kò sẹ́ni tó lè báni wí níbẹ̀, torí ta ni yóò bá ẹni tó ń tọ́jú ara rẹ̀ wí? Bí ìwé kékeré yẹn bá fi hàn pé ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá tí ẹ rìn tí ẹ ò sì jókòó, ẹ fi bàtà sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, kẹ́ ẹ fa àga mọ́ra.